Emma Calvé: Iṣẹ́ Rẹ̀ Lórí Ìtàgé àti Àwọn Àwo Orin Rẹ̀ Àkọ́kọ́

Ọ́pẹ́rà ni eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe gbogbo rẹ̀ tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Sopránò sì ni ohùn obìnrin tó ga jù, èyí tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pè ní tírébù. Emma Calvé, sopránò ọmọ ilẹ̀ Faransé, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé láti ọdún 1892 títí wọ ọ̀rúndún ogún, bí wọ́n bá ti dárúkọ Carmen, Jípísì inú ọ́pẹ́rà Georges Bizet, ní Paris, Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York, òun ni ọkàn àwọn èèyàn ń lọ bá. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ náà rí mú nínú ohùn rẹ̀, àti èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbọ́ àwo rẹ̀ lóde òní ló máa ń tètè dá a lẹ́jọ́.

Decazeville, ìlú awakùsà kan ní agbègbè Aveyron ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1858. Calvet ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Òun ló yí ìparí orúkọ náà padà díẹ̀ nígbà tó di olórin. Iṣẹ́ gbé bàbá lọ sí Sípéènì, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà ti lo díẹ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ló ti kàwé. Àwọn ọdún tó lò ní Sípéènì yẹn kò tán lára rẹ̀ o, a ó rí i níwájú.

Paris ló ti kọ́ orin. Jules Puget ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ Mathilde Marchesi, obìnrin tó kọ́ àwọn gbajúmọ̀ olórin bíi Nellie Melba àti Emma Eames lórin, tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti ṣílẹ̀kùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 1881 ni Calvé kọ́kọ́ jáde síta, ní ilé ìtàgé La Monnaie ní Brussels, nínú Faust tí Gounod kọ, ó sì ṣe Marguerite. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kọrin ní Théâtre-Italien ní Paris, nínú Aben-Hamet tí Théodore Dubois kọ, níbi tí òun àti Victor Maurel ti jọ ṣeré. Àwọn èèyàn gbà pé ohùn rẹ̀ dára. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn tó dára pọ̀ ní Paris nígbà náà.

Ọdún 1887 ni ojú rẹ̀ rí màbo. Wọ́n pè é sí La Scala ní Milan, ilé ọ́pẹ́rà tí gbogbo olórin ń lálàá rẹ̀, kó wá kọrin nínú Flora mirabilis tí Spyridon Samaras, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, kọ. Ẹ̀rù bà á, ohùn rẹ̀ kò dúró sójú kan, àwọn òǹwòran Milan sì pòṣé sí i. Àwọn òǹwòran Milan kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún olórin. Bí inú wọn kò bá dùn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́ kó mọ̀. Ọ̀pọ̀ olórin ni irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá.

Calvé kò sá. Ó padà sí Paris, ó lọ bá Rosina Laborde pé kó tún òun kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì ráyè ṣe ohun kan tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀kọ́ ohùn lọ: ó ń lọ wo Eleonora Duse ní Ítálì. Òṣèré ni Duse, kì í ṣe olórin. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì ni, kì í pariwo, kì í na ọwọ́ sókè bí àwọn òṣèré ìgbà náà ti máa ń ṣe. Bó bá ń sunkún lórí ìtàgé, ẹni tó ń wò ó á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ fún un ni. Calvé kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé Duse ló là á lójú sí ohun tí eré jẹ́. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé òun kò ní dúró sójú kan lórí ìtàgé kí òun máa kọ orin tó dùn létí lásán mọ́. Nígbà tó padà sí La Scala ní ọdún 1890 láti ṣe Ophélie nínú Hamlet tí Ambroise Thomas kọ, ìlú tó pòṣé sí i lọ́jọ́sí náà ló dìde pàtẹ́wọ́ fún un.

Róòmù ló kàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1891, ní Teatro Costanzi, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe Suzel nínú L'amico Fritz, eré tuntun tí Pietro Mascagni kọ. Fernando De Lucia ló ṣe Fritz. Mascagni ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ Cavalleria rusticana ní ọdún kan ṣáájú, tí gbogbo Yúróòpù ń pariwo rẹ̀. Calvé gba ipa Santuzza nínú Cavalleria, obìnrin abúlé tí ọkùnrin jà kulẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ lára bí ẹni tó ti gbé ayé ọ̀hún rí.

Róòmù yìí náà ló ti bá Domenico Mustafà pàdé. Mustafà wà lára àwọn tó ṣẹ́kù nínú àwọn akọrin ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lọ́mọdé kí ohùn wọn má baà wú, òun sì ni olùdarí ẹgbẹ́ akọrin Sistine ti póòpù. Calvé gbọ́ àwọn ohùn kan lẹ́nu ọkùnrin náà, ohùn òkè téńté tó tínrín, tí kò jọ ti ọkùnrin, tí kò sì jọ ti obìnrin. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun. Ìdáhùn Mustafà ni pé kó pa ẹnu dé pinpin, kó máa fi wákàtí méjì dánra wò lójoojúmọ́. Bó bá fi di ọdún mẹ́wàá, ó lè rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní dá padà? Calvé kọ ọ́ pé òun bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àti pé ọdún mẹ́ta ló gba òun. Ohùn kẹrin ni ó ń pe àwọn ohùn wọ̀nyí. A ṣì máa padà sórí ọ̀rọ̀ wọn, torí wọ́n wà lórí àwo.

Ọdún 1892 ló kọ́kọ́ ṣe Carmen ní Opéra-Comique ní Paris, ẹgbẹ́ òṣèré kan náà tó kọ́kọ́ ṣe eré náà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1875. Georges Bizet tó kọ ọ́ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn àṣehàn àkọ́kọ́ yẹn. Oṣù mẹ́ta péré ló lò kó tó kú, kò sì mọ̀ pé ayé ṣì ń bọ̀ wá gba eré náà mọ́ra. Célestine Galli-Marié ni Carmen àkọ́kọ́, bó ṣe ṣe é sì ti di òfin láàárín wọn: aṣọ tó wọ̀, ibi tó dúró sí, bó ṣe gbé ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀gá Opéra-Comique retí pé kí Calvé tẹ̀ lé e.

Kò tẹ̀ lé e. Ó ti kọ́kọ́ rin ìrìn àjò lọ sí Granada ní gúúsù Sípéènì, ilẹ̀ tó ti gbé rí lọ́mọdé, ó jókòó láàárín àwọn Jípísì, ó wo bí àwọn obìnrin wọn ṣe ń jó, bí wọ́n ṣe ń da ìborùn, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń fa ojú ọkùnrin mọ́ra. Ó ṣàkíyèsí pé ijó wọn kò sí nínú ẹsẹ̀ tó bó ṣe wà nínú apá àti ìbàdí. Nígbà tó padà dé Paris, ó ní irú ijó yẹn ni òun máa jó. Ó kọ̀ láti wọ aṣọ tí Galli-Marié lò, ó sì wọ ìborùn ńlá tó ní wàjàwàjà létí, irú èyí táwọn obìnrin tó ń wé sìgá ní Sevilla ń dà sọ́rùn. Ẹni tó mọ bí ìborùn ṣe ń sọ̀rọ̀ lára obìnrin yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán. Calvé lè fi wé ara nígbà tí Carmen bá ń ṣẹ̀fẹ̀, kó fà á mọ́ra nígbà tó bá rí ikú nínú káàdì, kó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí Don José, sójà tó fẹ́ràn rẹ̀, bá yọ ọ̀bẹ. Carmen tí àwọn òǹwòran rí lọ́jọ́ náà kì í ṣe olórin tó múra bíi Jípísì. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan ni, tó ń binú, tó ń rẹ́rìn-ín, tí nǹkan sì ń sú.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fara mọ́ ọn. George Bernard Shaw, tó ń kọ̀wé lórí orin nínú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, gbà pé òṣèré ńlá ni, ṣùgbọ́n Carmen tó rí kò dùn mọ́ ọn nínú. Lójú tirẹ̀, Calvé ti bọ́ gbogbo iyì kúrò lára obìnrin náà. Mo rò pé ohun tí Shaw fi ṣe ẹ̀sùn gan-an ni iṣẹ́ tí Calvé wá ṣe. Bizet kò kọ Carmen gẹ́gẹ́ bí alágbèrè tó ronú pìwà dà.

Láti ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1893 ló kọ́kọ́ kọrin ní Metropolitan Opera ní New York, Santuzza ló ṣe. Ní oṣù kejìlá, Carmen dé, pẹ̀lú Jean de Reszke gẹ́gẹ́ bíi Don José, New York sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Jules Massenet kọ eré méjì fún un: La Navarraise, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1894, àti Sapho, tó jáde ní Paris ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1897. Ọbabìnrin Victoria pè é wá kọrin ní Windsor, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère orí rẹ̀. Nígbà tí Opéra-Comique ṣe Carmen fún ìgbà ẹgbẹ̀rún kan ní oṣù kejìlá ọdún 1904, Calvé ni wọ́n ní kó wá ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wàyí.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, níwọ̀n bí àkọsílẹ̀ ti fi hàn, ni Gianni Bettini, ọmọ Ítálì kan tó ti ṣe sójà ẹlẹ́ṣin kó tó kó lọ sí New York. Kò sí àwo pẹlẹbẹ lọ́wọ́ Bettini. Ìda tí wọ́n dà bí agolo ló ń lò, irú ti Edison, abẹ́rẹ́ á máa ha ojú rẹ̀ bó ṣe ń yí. Ó bá àwọn gbajúmọ̀ olórin ìgbà náà dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ Calvé wà nínú ìwé ọjà rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn agolo ìda náà ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣègbé. Ó dùn mí, torí ìgbà tí ohùn rẹ̀ wà ní góńgó gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn Bettini ni Lionel Mapleson, ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé orin ní Metropolitan. Láàárín ọdún 1901 sí 1903, Mapleson gbé ẹ̀rọ Edison wọ inú ilé ìtàgé náà. Ó kọ́kọ́ fi í pamọ́ sínú àpótí ẹni tó ń rán olórin létí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló gbé e gun òkè orí ìtàgé pẹ̀lú àrọ ńlá kan. Ó ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ lójú eré gan-an, ìṣẹ́jú méjì níhìn-ín, ìṣẹ́jú méjì lọ́hùn-ún. Calvé wà lára àwọn tó mú. Àwọn agolo náà ti gbó, ariwo bò wọ́n, ohùn á jáde, á sì tún wọlé bí ẹni tó ń kọjá lọ lẹ́yìn ògiri. Síbẹ̀ ohùn tó ń jáde sínú gbọ̀ngàn ńlá pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà gidi lẹ́yìn rẹ̀ ni, kì í ṣe ohùn tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá kékeré. Ilé ìkàwé ìjọba New York ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí.

Àwo gidi dé ní ọdún 1902. Iléeṣẹ́ Gramophone and Typewriter ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá gbajúmọ̀ olórin kiri nígbà náà, torí àwọn èèyàn pàtàkì ṣì ka giramafóònù sí ohun ìṣeré ọmọdé. Fred Gaisberg, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó ń bójú tó gbígba ohùn sílẹ̀ fún wọn, ti gba ohùn Enrico Caruso, olórin ọmọ ilẹ̀ Ítálì, sílẹ̀ ní Milan ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ojú ọjà sì ti ń yí padà. Landon Ronald, atẹdùùrù tó mọ gbogbo olórin ńlá, ló mú Calvé wá sí ilé iṣẹ́ náà ní Maiden Lane. Gaisberg ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà pé bí Calvé ti rí ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀hún láti inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó gbé e wá, ó fàáké kọ́rí pé òun kò sọ̀ kalẹ̀; ilé ọtí àwọn olè ni wọ́n mú òun wá. Ìgbà tí wọ́n gbé sọ̀wédowó owó iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ síta fún un ni ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Ohun tó bá nínú ilé kò lè mú inú olórin ọ́pẹ́rà dùn. Kò sí maikirofóònù. Ọdún 1925 ni gbígba ohùn sílẹ̀ nípasẹ̀ iná mànàmáná tó dé. Àrọ kan ló yọ lára ògiri, olórin á kọjú sí i, ìgbì ohùn rẹ̀ á mi awẹ́ tín-ínrín kan ní ìdí àrọ náà, awẹ́ á mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì máa ha ìda tó ń yí. Wọ́n gbé dùùrù sórí pèpéle kí ohùn rẹ̀ lè bá ẹnu àrọ dọ́gba. Bí olórin bá fẹ́ kọ ohùn rírẹlẹ̀, ó ní láti sún mọ́ àrọ pẹ́kípẹ́kí. Bó bá fẹ́ gbé ohùn lọ sókè, ó ní láti fà sẹ́yìn kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ abẹ́rẹ́ á fò, àwo á sì bàjẹ́. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin tó wo Duse kọ́ eré, tó rìnrìn àjò lọ Granada nítorí ijó apá, tí wọ́n wá ní kó dúró gbọn-in níwájú àrọ, kó má gbọ̀n, kó má yíjú.

Irú àrọ bẹ́ẹ̀ náà ni Alùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta dúró níwájú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, nígbà tó kọ orin Yorùbá mẹ́tàlélógójì sórí àwo Zonophone. Iléeṣẹ́ tó gba ohùn Calvé sílẹ̀ ló ra Zonophone, òun ló sì ni ín nígbà tí Kútì lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwo Kútì yóò mọ ariwo ìda tí mò ń wí, yóò sì mọ̀ pé ó máa ń mọ́ etí lára lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Calvé kọ Habanera àti Séguedille láti inú Carmen fún wọn ní 1902, ó sì kọ orin Santuzza nínú Cavalleria. Landon Ronald ló tẹ dùùrù. Calvé ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Ohun tó yani lẹ́nu nínú àwọn àwo yìí ni pé kò pa òfin àrọ mọ́ pátápátá. Ó ń sáré níbi tí Bizet kò ní kó sáré, ó ń fa ọ̀rọ̀ kan gùn, ó ń rẹ ohùn sílẹ̀ lójijì bí ẹni tó ń sọ àṣírí fún ọkùnrin kan ṣoṣo, Ronald sì ní láti máa fi dùùrù lé e bọ̀ lẹ́yìn. Olùkọ́ orin lóde òní lè pe èyí ní àìkàkún. Èmi gbọ́ eré níbẹ̀. Ara rẹ̀ kò lè jó níwájú àrọ, ó wá jẹ́ kí orin jó dípò ara.

Àwọn àwo tó ṣe fún iléeṣẹ́ Victor ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1907 gbayì jù ní ọjà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ti gbèrú, ọ́kẹ́sítírà kékeré ti rọ́pò dùùrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gòjé tí wọ́n ń lò nílé àwo ní àrọ tirẹ̀ lára kí abẹ́rẹ́ lè gbọ́ ọ. Ó tún kọ Habanera. Òun àti Charles Dalmorès, akọrin tẹ́nọ̀, jọ kọ orin láti inú Carmen ní 1908. Ó kọ orin ẹyẹ tó wà nínú La Perle du Brésil tí Félicien David kọ, níbi tí òun àti fèrè ti ń lé ara wọn kiri, ó sì kọ àwọn orin ìbílẹ̀ gúúsù ilẹ̀ Faransé, ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ohùn náà ṣì kún, ó ṣì rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ àrọ lò báyìí, ó ti kọ́ ìwà ọmọlúwàbí níwájú rẹ̀, Carmen inú àwo wọ̀nyí sì tutù ju ti 1902 lọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ló tún kọrin fún Pathé ní ilẹ̀ Faransé, iléeṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń rìn sókè-sódò nínú ojú àwo dípò ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ó ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún. Nínú àwọn orin ìbílẹ̀ tó kọ sórí àwo, pàápàá Ma Lisette, ni a ti ń gbọ́ ohùn kẹrin tó gbà lọ́wọ́ Mustafà: ohùn kan ṣoṣo lókè téńté, láìgbọ̀n, tó dúró síbẹ̀ títí tí olùgbọ́ á fi máa wò ó pé ìgbà wo ló fẹ́ mí. Mustafà kú ní ọdún 1912. Alessandro Moreschi, tí ó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní Sistine, nìkan ni ọkùnrin irú rẹ̀ tó fi àwo orin àdákọ sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀fun obìnrin Faransé yìí jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí ìmọ̀ àwọn akọrin ọ̀hún ṣẹ́kù sí.

Ó ti kúrò ní Metropolitan ní 1904, ó sì fi ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà rin ayé ká, ó ń kọrin ní gbọ̀ngàn dípò ìtàgé. Ní ọdún 1900 ló ti bá Swami Vivekananda, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù tó mọ̀ ní Amẹ́ríkà, rìnrìn àjò dé Constantinople àti Íjíbítì. Títí ó fi darúgbó ló ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ ọkùnrin náà. Owó orin ló fi ra ilé olódi Cabrières nítòsí Millau, ní Aveyron tí wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti ń gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ orin lálejò. Nígbà tó yá, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láti ta ilé náà. Ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 1922 àti ní 1940. Montpellier ló kú sí ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1942, Millau ni wọ́n sì sin ín sí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ lè rí àwọn àwo náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Habanera ti Victor tí wọ́n sábà máa ń gbé síwájú, bó tilẹ̀ ṣe kedere létí ju ti ìṣáájú lọ. Kó kọ́kọ́ gbọ́ Séguedille ti 1902, kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ariwo ìda lè mọ́ etí rẹ̀ lára, lẹ́yìn náà ni kó wá gbọ́ Ma Lisette.